Ihò Òòfà àti Irin Tó Wà ní Itan Ọdẹ́rìndé

Ẹ sún mọ́ àárín, ẹ̀yin ọdẹ, ẹ má jẹ́ kí ọ̀sọ̀rọ̀ òrùlé yìí máa da omi sí yín lọ́rùn. Ọ̀sán ṣì pọ̀, òjò sì ti dí ọ̀nà oko àti ọ̀nà igbó mọ́ wa. Ẹni tó bá fẹ́ sùn, kó lọ sùn ti àwọn ajá lọ́hùn-ún. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀, kó gbé ìbọn rẹ̀ ti ògiri, kó la etí rẹ̀. Ẹ kúkú mọ̀ mí. Èmi ni Látúndé tí ẹ ń pè ní Atamátàsé. Mo ti yìnbọn fún etu lórí eré, mo ti yìnbọn fún ẹfọ̀n nínú kùrukùru, ọta mi kò sì bọ́ sílẹ̀ lásán rí. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá rò pé irọ́ ni mò ń pa, kó gbé fìlà rẹ̀ kọ́ sórí igi lọ́hùn-ún, kó sì kí i pé ó dìgbóṣe.

Ṣùgbọ́n ìtàn tí mo fẹ́ sọ lónìí kì í ṣe tèmi. Ti ọ̀rẹ́ mi ni, Ọdẹ́rìndé tó jókòó sídìí ààrò yẹn, tó ń koná, tó ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ ohun tí mò ń wí. Ẹ má wò ó jù, ojú ń tì í. Òun ló rin ìrìn náà, òun ló fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún mi. Èmi kàn ń fi iyọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀ ni, nítorí ọ̀rẹ́ mi mọ ẹran pa, kò mọ ọ̀rọ̀ sọ.

Ìtọ̀ ló dá ìrìn náà sílẹ̀. Ẹ̀ẹ́n, ẹ rẹ́rìn-ín! Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń tọ̀ bí òjò òní yìí, tí ìtọ̀ yín ń gbẹ́ ilẹ̀, ẹ rẹ́rìn-ín tẹ́rùn. Nígbà tí Ọdẹ́rìndé lé ní ọgọ́ta ọdún, ó di pé bó bá dúró lẹ́yìn igi láti tọ̀, àwọn tí wọ́n jọ ń lọ á ti dé odò kí ó tó ṣe tán. Á dúró, á dúró, á máa bẹ ara rẹ̀ bí ẹni ń bẹ ọmọ tó ń bínú. Èyí tó bá jàjà jáde náà á máa kán tó, tó, tó. Kò ní í pẹ́, á tún padà síbẹ̀. Nígbà tó yá, ìbàdí bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó. Ó ní iṣẹ́ oko ni. Ó ra ìpara, ó ń fi pa ẹ̀yìn. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá, ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀rẹ́ mi ń ṣe gan-an nìyẹn.

Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Mosún, kì í ṣe afọ́jú. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, bó ti ń gbé ẹ̀kọ gbígbóná síwájú ọkọ rẹ̀, ó ní:

“Bàbá Mosún, mo fẹ́ bi yín ní ọ̀rọ̀ kan, ẹ má bínú sí mi.”

“Kí ni?”

“Ṣé kì í ṣe bí ti ẹ̀gbọ́n yín ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí?”

Ọdẹ́rìndé gbé ẹ̀kọ sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni Ògúnjìnmí, ọkùnrin tó ń gbé odindi àgbọ̀nrín lé èjìká láti inú igbó délé láìsọ̀ ọ́. Ìtọ̀ tó ń kán tó-tó-tó ni tirẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀. Ó fi pamọ́, ó ní ọ̀rọ̀ abẹ́ ọkùnrin kì í ṣe ohun tí à ń sọ láàárín èrò. Nígbà tó fi máa sọ ọ́, kò lè dìde lórí ẹní mọ́, egungun rẹ̀ ń dá bí igi gbígbẹ. Ọdún yẹn kò parí tí a fi sin ín. Ọ̀rọ̀ Ìyá Mosún wọ ọ̀rẹ́ mi lára. Ẹ̀rù bà á. Ẹ̀rù bà á gidigidi, ẹ má jẹ́ kí ọdẹ kankan purọ́ fún yín pé ẹ̀rù kì í ba ọdẹ. Ó mú ìbọn, ó mú àdá, ó ti ọ̀bẹ bọ àkọ̀, ó fi ẹ̀wọ̀n ajá sí àpò, ó kọrí sí Igbó Àìwẹ̀yìn, nítorí a ti máa ń gbọ́ pé iwin kan wà níbẹ̀ tó ń gbóòórùn àrùn lára ènìyàn.

Ẹ má bi mí pé ọjọ́ mélòó ló fi rìn, àti pé kí ló jẹ lọ́nà. Ìrìn ọdẹ kì í ṣe ìrìn ọlọ́jà. Ó wọ igbó, igbó gbà á, ó sì bá iwin náà níbi tó jókòó sí lórí kùkùté. Imú ló gba gbogbo ojú iwin yìí, ó tó odó ìyá àgbà. Kò ní ẹyinjú rárá.

“Ta ló ń tẹ ewé gbígbẹ mi mọ́lẹ̀?”

“Èmi Ọdẹ́rìndé ni, ọmọ aráyé. Mo wá bẹ̀ yín ni.”

“Fún mi ní ẹ̀jẹ̀ rẹ, ẹ̀kán kan péré.”

Ọdẹ́rìndé fi ṣóńṣó ọ̀bẹ gún ìka. Iwin fa ẹ̀jẹ̀ símú, ó sín, ewé igi mẹ́ta sì wọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. (Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn, igi mẹ́ta ló sọ fún mi, ìbá ṣe pé èmi ni mo fi kún un ni, ǹ bá ti sọ pé méje.)

“Mo gbóòórùn ẹranko kan nínú rẹ,” ni iwin wí. “Ó jọ jẹjẹrẹ. Ó sì lè jẹ́ nǹkan mìíràn tó ní irú òórùn kan náà. Imú ni mo ní, n kò lójú. Bí o bá rí èéfín lókèèrè, o ò lè tibẹ̀ mọ̀ bóyá ilé ló ń jó ni, tàbí ẹnì kan ló ń sun iṣu.”

“Níbo ló wà lára mi?”

“Nǹkan kan wà lábẹ́ ilé ìtọ̀ rẹ tó tó èso àsálà. Gbogbo ọkùnrin ló ní in, àárín rẹ̀ ni ọ̀nà ìtọ̀ gbà kọjá. Inú àsálà yẹn ni irú ẹranko bẹ́ẹ̀ máa ń sá sí. Ṣùgbọ́n bóyá apá ọ̀tún ló sùn sí, tàbí apá òsì, tàbí ẹ̀yìn, èmi kò mọ̀. Lọ wá ẹni tó lójú. Bí o bá rí ibùsùn rẹ̀ nígbà tó ṣì wà nínú àsálà, o ó pa á. Bó bá jáde níbẹ̀ tó wọ inú egungun rẹ, òun ni yóò pa ọ́.”

“Ìgbà wo ni yóò jáde?”

“Ṣé èmi ni mo bí i ni?” Iwin yí ẹ̀yìn sí i, ó ń gbóòórùn afẹ́fẹ́ lọ.

Ọdẹ́rìndé bá ọ̀nà rẹ̀ lọ, àfi ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Ta-ná-wò. Ní ìta gbangba ìlú náà, ó bá ọkùnrin kan tó dùbúlẹ̀ lẹ́yìn igbó ṣúúrú kan, tí tafàtafà méjìlá dúró yí ká, tí wọ́n fi aṣọ dí ojú gbogbo wọn. Wọ́n ní ẹranko ló wà nínú igbó ṣúúrú náà, àrùn ọkùnrin yẹn ni ẹranko náà, ibi tí ọfà bá bà nínú igbó, ara rẹ̀ ló ń ro. Wọ́n ta ọfà méjìlá wọlé, ọ̀kan síhìn-ín, ọ̀kan sọ́hùn-ún. Wọ́n fa ọfà jáde, wọ́n wò ó, kò sí ẹ̀jẹ̀ ẹranko lára ọ̀kankan. Ni wọ́n bá ní kò sí nǹkan kan, kí ọkùnrin náà dìde, kó máa lọ. Ọkùnrin náà dìde tìrora-tìrora, ó ń jó lọ sílé.

Bí Ọdẹ́rìndé ti rí èyí, itan rẹ̀ ọ̀tún ta á. Ó dì í mú. Ẹ ó gbọ́ ti itan náà bó bá yá, ẹ má kán mi lójú. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọdẹ, ẹ̀yin náà ẹ mọ òfin wa. Ọdẹ kì í yìnbọn sí ewé tó mì. Bí ewé bá mì, wàá kọ́kọ́ súfèé lẹ́ẹ̀mejì. Ẹran kò ní í dáhùn. Ènìyàn ló ń fi súfèé dáhùn. Ẹni tó bá yìnbọn láìsúfèé, kì í ṣe ọdẹ, àgbákò ni.

Wọ́n mú àlejò lọ síwájú ọba ìlú náà, arúgbó kan tí ojú rẹ̀ kún fún ìkáàánú. Ọba ní:

“Ìwọ ọdẹ, gba àlọ́ yìí kí o tó jókòó. Ọfà méjìlá wọ igbó, ọfà méjìlá jáde, kò sí ẹ̀jẹ̀ lára ọ̀kankan. Ǹjẹ́ ẹran wà nínú igbó, àbí kò sí?”

Ọdẹ́rìndé dọ̀bálẹ̀. “Kábíyèsí, ẹ má bínú sí mi o. Ẹran lè sùn sáàárín ọfà méjì.”

Ọba ní kó dìde, kó jókòó. Lẹ́yìn náà ló wí pé: “Ọmọ mi ọkùnrin, àkọ́bí mi, a ta á ní ọfà méjìlá. A ní kò sí nǹkan kan. A pa màlúù, a jó. Kò ju ọdún méjì lọ tí ẹranko náà fi jáde láti àárín ọfà kẹta àti ìkẹrin, tó sì gbé e lọ. A kì í ṣe ènìyàn burúkú, ọmọ mi. Ohun tí a mọ̀ ni a ń ṣe, ó sì ti gba ẹlòmíràn là. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ìwọ ni ọmọ mi, n kò ní í jẹ́ kí o dùbúlẹ̀ síbẹ̀ yẹn kí o má kọ́kọ́ dé Ihò Òòfà. Àwọn ará ibẹ̀ máa ń wò kí wọ́n tó ta.” Ó fi ọ̀pá rẹ̀ júwe ọ̀nà, omi sì ń dà lójú rẹ̀.

Ọ̀nà tí ọba júwe gba inú igbó kan kọjá, igbó tó dákẹ́ rọ́rọ́, tí ẹyẹ kì í ké níbẹ̀. Àwọn ọkùnrin ló jókòó lọ ràì sábẹ́ igi, ó tó bí ọgọ́rùn-ún, olúkúlùkù wọn gbé igbá tó lọ́mọrí sórí itan, ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ ọmọrí náà mọ́lẹ̀. Ọdẹ́rìndé kí wọn. Ó bi ẹni àkọ́kọ́ pé kí ló wà nínú igbá. Onítọ̀hún ní: “Ohun tí n kò sọ fún ìyàwó mi ni.” Ó bi ẹnì kejì. Ìyẹn ní: “Ohun tí n kò sọ fún dókítà ni. Obìnrin ni, ojú ń tì mí.” Ó bi ẹni kẹta. Ẹni kẹta gbójú sókè, Ọdẹ́rìndé sì kígbe, nítorí Ògúnjìnmí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni.

“Bọ̀dá mi! Ẹ̀yin náà nìyí?”

“Èmi náà ni, àbúrò. Má fọwọ́ kàn mí, n kò sí nílé ayé mọ́.”

“Kí ló wà nínú tiyín?”

“Ìtọ̀ tó ń kán tó-tó-tó.” Ògúnjìnmí rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò sì dùn ún gbọ́. “Èmi tí mo gbé àgbọ̀nrín, n kò lè gbé ọ̀rọ̀ mẹ́rin jáde lẹ́nu. Mo rò pé bí n kò bá sọ ọ́, kò ní í rí bẹ́ẹ̀. Rìndé, kí ni ìwọ gbé dání?”

“N kò gbé igbá kankan, Bọ̀dá.”

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wo itan rẹ̀ ọ̀tún, ó wò ó pẹ́. “Á dáa,” ló wí. “Máa lọ. Bí wọ́n bá bi ọ́ lẹ́nu ọ̀nà, má ṣe bíi tèmi.”

Ọdẹ́rìndé sunkún láti ibẹ̀ títí ó fi jáde nínú igbó náà. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ó ń wo iwájú, ó sì rí Ihò Òòfà. Àpáta funfun ni, ó ga ju ọ̀pẹ lọ, ihò róbótó kan sì wà láàárín rẹ̀, bí ihò ara igi tí oyin ń gbé. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kò sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ariwo. Inú àpáta náà kún fún òòfà tó ń fa irin mọ́ra, tó sì lágbára tó bẹ́ẹ̀ gẹ́ẹ́ tó fi jẹ́ pé kò sí irin tó gbọdọ̀ dé ìtòsí rẹ̀. Ìyá arúgbó kan tó wọ aṣọ funfun ló ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Ìyá Aṣọ́nà ni wọ́n ń pè é.

“Káàbọ̀, ọmọ mi,” ló wí. “Bọ́ irin ara rẹ sílẹ̀.”

Ọdẹ́rìndé gbé ìbọn sílẹ̀. Ó gbé àdá sílẹ̀, ó gbé ọ̀bẹ, ó kó ẹ̀wọ̀n ajá jáde lápò.

“Kí ló kù?”

Ó bọ́ òrùka irin, ó tú ìgbànú tó ní ìdè irin.

“Kí ló kù?”

Ó tú òògùn ọrùn rẹ̀, nítorí abẹ́rẹ́ wà nínú rẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ mọ bó ṣe ń ṣe ọdẹ tí kò ní irin lára, ìhòòhò ni. Ó dúró síbẹ̀ bí adìyẹ tí wọ́n tu níyẹ̀ẹ́.

Ìyá Aṣọ́nà bi í lẹ́ẹ̀kẹta: “Ọmọ mi, kí ló kù lára rẹ? Kì í ṣe èyí tó wà níta nìkan o. Èyí tó wà nínú náà ńkọ́?”

Ó dé ibi tí mo ní kí ẹ dúró dè. Ọdún kejìdínlógún rèé tí Ọdẹ́rìndé àti ọdẹ kan jọ lọ sígbó, àwọn méjì péré. Ewé mì. Ọdẹ kejì kò súfèé. Ó yìnbọn, ọta irin sì wọ Ọdẹ́rìndé ní itan ọ̀tún, kò jáde. Nígbà yẹn ẹ rántí pé agboolé Ọdẹ́rìndé àti agboolé ọdẹ kejì yẹn ń bá ara wọn jà lórí ilẹ̀, ìjà tó ti parí lónìí, ọ̀rọ̀ náà sì gbóná tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé iṣáná kan ló kù tí ilé yóò fi jó. Ọdẹ́rìndé tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ ló wí pé: “Bí wọ́n bá gbọ́ pé ìwọ ni, wọn ó ní ìwọ mọ̀-ọ́n-mọ̀ ṣe é, wọn ó sì pa ara wọn. Kí á pa á mọ́ra.” Àwọn méjèèjì fi ahọ́n kan ojú àdá, wọ́n búra pé àwọn kò ní í sọ láyé pé irin wà níbẹ̀, tàbí ẹni tó fi í síbẹ̀. Ó délé, ó ní kùkùté ló gún òun. Ìyá Mosún fi omi gbígbóná jó ojú ọgbẹ́ náà títí ó fi san. Láti ìgbà náà lẹ ti ń rí i pé ó ń tiro bí òjò bá ṣú.

Nítorí ìbúra yìí, nígbà tí Ìyá Aṣọ́nà bi í lẹ́ẹ̀kẹta, ọ̀rẹ́ mi wolẹ̀, ó ní: “Kò sí, Ìyá.”

“Ó dára. Máa bọ̀.”

Ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó gbé ìkejì. Ní ẹsẹ̀ kẹrin, itan rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Ní ìkarùn-ún, nǹkan kan jí nínú ẹran ara rẹ̀, ó ń fà á síwájú bí ajá tó rí ọ̀yà. Ó lọgun. Ìyá Aṣọ́nà fò, arúgbó tí ẹ rí yẹn, ó di apá rẹ̀ mú, ó wọ́ ọ padà sẹ́yìn, àwọn méjèèjì ṣubú lulẹ̀.

“Ṣé o fẹ́ pa ara rẹ ni? Irin wà lára rẹ!”

“Ìyá, ẹ má bínú. Mo búra ni.”

“Kí lo fi búra?”

“Irin.”

Ìyá náà wò ó, ojú rẹ̀ sì rọ̀. “Ọmọ mi, ṣé irin tí o fi búra ló ní kí o kú? Èmi kò bi ọ́ ní orúkọ ẹnikẹ́ni. N kò fẹ́ mọ ẹni tó jẹ̀bi. Ohun tó wà níbẹ̀ ni mo fẹ́ gbọ́, àti ibi tó wà. Bí o kò bá lè sọ ọ́, padà sílé, kí ẹranko rẹ máa jẹun lọ.”

Ọdẹ́rìndé rántí igbá tó wà lórí itan ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó rí i pé òun náà ti ń gbé tòun láti ọdún méjìdínlógún, inú ẹran ara lòun gbé e sí, ẹnikẹ́ni kò sì rí ọmọrí rẹ̀. Ó fi orí kanlẹ̀. “Irin wà ní itan mi ọ̀tún,” ló wí. “Ọta ìbọn ni. Ẹni tó yìn ín, n kò ní í dárúkọ rẹ̀.” Bó ti wí bẹ́ẹ̀ tán, ó bú sẹ́kún bí ọmọ kékeré, ìyá náà sì ń gbá a lẹ́yìn jẹ́jẹ́.

Wọ́n gbé e jìnnà sí àpáta, wọ́n la itan rẹ̀, wọ́n yọ ọta náà, wọ́n fi ewé wé e, wọ́n dá a padà fún un. Ó sinmi títí ọgbẹ́ fi jiná. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tó ní kó wọ ihò. Wọ́n ní: “Dùbúlẹ̀ gbalaja, má mira. Bí o bá mira, àwòrán rẹ á dàrú. Yóò pariwo, kò ní í bù ọ́ jẹ.” Ihò náà fún mọ́ ọn bí ìgbà tí a ti iṣu bọ inú ìkòkò ẹlẹ́nu tóóró. Ó sì pariwo! Gbà-gbà-gbà-gbà, gbìn-ìn, gbà-gbà-gbà, bí ẹni pé ogún alágbẹ̀dẹ ń lu owú lẹ́ẹ̀kan náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀. Ìbá ṣe èmi ni, ǹ bá ti fò jáde. Ẹ mọ̀ pé ẹ̀fọn kan ṣoṣo kì í jẹ́ kí n jókòó jẹ́ẹ́. Ṣùgbọ́n Ọdẹ́rìndé ti gbé orí igi rí láti àárọ̀ dalẹ́, tí tanpẹ́pẹ́ ń jẹ ẹ́ ní ìpéǹpéjú, tí kò mira, nítorí àtipa ẹran. Ó ní nínú ihò yẹn lòun tó mọ ohun tí òun kọ́ iṣẹ́ ọdẹ fún.

Nígbà tó jáde, àgbà kan tí wọ́n ń pè ní Bàbá Awòye mú un lọ síbi ògiri dúdú kan. Inú ara rẹ̀ ló rí lára ògiri náà, wọ́n là á ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ẹni gé iṣu fún dídín, bẹ́ẹ̀ ọ̀bẹ kankan kò kàn án. Bàbá Awòye fi ìka tọ́ka.

“Ilé ìtọ̀ rẹ nìyí. Àsálà rẹ nìyí. Wo ẹ̀yìn rẹ̀, lápá òsì, nítòsí èèpo. Kí lo rí?”

Ọdẹ́rìndé sún mọ́ ọn. Ó rí àmì dúdú kan tí kò ju hóró ẹ̀wà kan lọ, tó ká jọ bí ẹran tó sùn. “Òun nìyẹn?”

“Ó jọ ọ́. Ṣùgbọ́n ojú wa náà lè tàn wá. Ìgbà mìíràn àpá lásán ni. Ẹ̀rí ló kù. A ó rán abẹ́rẹ́ lọ síbẹ̀ gan-an, kì í ṣe káàkiri igbó, kó bu èérún rẹ̀ wá.”

Ẹ mọ̀ pé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ là ń pa àmúkùrù orí ẹpọ̀n. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é. Abẹ́rẹ́ lọ tààrà síbi tí wọ́n rí, ó bu èérún bọ̀, èérún náà sì jẹ́wọ́: jẹjẹrẹ ni. Ọjọ́ gbogbo ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun. Ọdẹ́rìndé bi wọ́n ní ìbéèrè kan ṣoṣo tó gbé wá láti ilé. Ó ní: “Ṣé ó ti jáde?”

“Kò tíì jáde,” ni Bàbá Awòye wí. “Inú èèpo ló ṣì wà.”

Ọ̀rẹ́ mi dọ̀bálẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Bí wọ́n ṣe pa ẹranko náà sínú ibùsùn rẹ̀, ìyẹn gba ọjọ́ púpọ̀, kò sì dùn. Ara rẹ̀ kò padà bọ̀ sípò tán, òun ló ní kí n sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó wà láàyè, ẹ sáà ń wò ó níbẹ̀ tó ń koná.

Nígbà tó délé, ó pe Ìyá Mosún sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó tú ewé, ó fi ọta náà hàn án. Ìyá Mosún wò ó títí. Ó ní: “Ọdún méjìdínlógún! Bàbá Mosún, ẹ wá jẹ́ kí n máa fi omi gbígbóná jó kùkùté tí kò sí?” Ó gbá ọkọ rẹ̀ ní itan òsì, èyí tí kò dùn ún, ó sì dì mọ́ ọn. Mosún ọmọ wọn tó jẹ́ nọ́ọ̀sì nílùú ńlá gbọ́, ó rẹ́rìn-ín, ó ní bàbá òun ì bá má wulẹ̀ la igbó iwin kọjá. Ó ní irú ihò yẹn wà láwọn ilé ìwòsàn ńlá, ẹ̀rọ ni, òòfà ló ń bẹ nínú rẹ̀, ìbéèrè tí Ìyá Aṣọ́nà bi bàbá òun náà ni wọ́n ń bi gbogbo ènìyàn lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀yin tí ẹ ti lé ní àádọ́ta ọdún, ẹ̀yin tí ẹ ń wo ilẹ̀ yìí, mo rí yín.

Òjò ti ń dá. Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ bi mí. Ẹ fẹ́ mọ ọdẹ tó yìnbọn. Ẹ má bi Ọdẹ́rìndé. Ó sọ pé irin wà lára òun, kò dárúkọ ẹnikẹ́ni fún Ìyá Aṣọ́nà, kò dárúkọ ẹnikẹ́ni fún aya rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi, ṣí àpò rẹ, ju ọta yẹn sí mi. O ṣé. Ẹ̀yin ọdẹ, ẹ gbà á, ẹ wò ó dáadáa, kí ẹ máa gbé e kiri láti ọwọ́ sí ọwọ́. Sípóòkù, irin tẹ́ẹ́rẹ́ ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, ni wọ́n gé, orí kan tẹ́jú, orí kejì dá gẹ̀rẹ́. Ta ló ń gé ọta tirẹ̀ bẹ́ẹ̀ nínú gbogbo ẹgbẹ́ yìí? Ẹ má dákẹ́. Ẹ mọ̀ ọ́n.

Èmi ni. Ewé mì, mo sì ti gba orúkọ Atamátàsé nígbà náà, n kò fẹ́ kí ẹran bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ kí orúkọ má bàa bàjẹ́. N kò súfèé. Mo sọ fún yín ní ìbẹ̀rẹ̀ pé ọta mi kò bọ́ sílẹ̀ lásán rí. Ní ọjọ́ yẹn náà, kò bọ́ sílẹ̀. Ẹ̀yin ń yìn mí, èmi ń gbà á, ọ̀rẹ́ mi ń tiro lójú mi. Díẹ̀ ló kù kí irin mi tì í mọ́ ẹnu ihò tí ìyè rẹ̀ wà. Èmi náà fi ahọ́n kan àdá. Bí Ògún bá fẹ́ bá ẹnì kan jà nítorí ìbúra tó já yìí, èmi nìyí, kó fi Ọdẹ́rìndé sílẹ̀. Ìbọn mi rèé, mo gbé e sílẹ̀ níwájú ẹgbẹ́ bí òfin wa ṣe wí. Orúkọ náà rèé, mo gbé òun náà sílẹ̀. Látúndé ni kí ẹ máa pè mí.

Ọdẹ́rìndé, sọ̀rọ̀. Bú mi, ó tọ́ sí mi. Kí ló dé tí o dìde? Kí ni o ń fi ètè ṣe yẹn? Ẹ dákẹ́, ẹ jẹ́ kí n gbọ́. Ẹ gbọ́ bí? Ó ń súfèé sí mi, lẹ́ẹ̀mejì, bí òfin ṣe wí. Ẹ dúró, ẹ má tíì dìde. Ètè mi gbẹ, ṣùgbọ́n ènìyàn ni mí. Ẹ jẹ́ kí n dá ọ̀rẹ́ mi lóhùn.